OHUN TÍ À Ń WÁ LỌ SÍ SÓKÓTÓ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ KÁMẸ́RÀ TÍ KÒ RÍRAN

  Àwọn baba wa ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Lóde òní, ojú nìkan kò tó mọ́. Kámẹ́rà ni onílé àti onísọ́ọ̀bù fi ń ṣọ́ orí tiwọn. Ó wà lẹ́nu báńkì, ó wà ní ilé epo, ó sì ti dé ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó ń jẹ mí lọ́kàn, n ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí.

Nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, olè jí kọ̀ǹpútà alágbèéká akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé tí díẹ̀ nínú wa ń gbé ní ìta ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ni ín lò ó títí di aago kan òru kí ó tó sùn. Nígbà tí ó jí fún àdúrà ìdájí, kọ̀ǹpútà ti di àwátì. A sáré lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí ó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀. Kí ni a rí? Ọmọ ọdún kìíní kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ni ó gbé báàgì kọ́ èjìká tí ó ń jáde lẹ́nu géètì. Aago tí ó wà lára àwòrán náà jẹ́ 3:12 òru. Kíá ni ariwo ta. Àwọn kan ní kí á mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn kan ti ń wá pàṣán. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kíláàsì ni mo lọ kàwé sí, mi ò jalè.” Ta ni yóò gbọ́? Kámẹ́rà kì í kúkú purọ́!

Mégáàdì wa, bàbá Hausa kan, ni ó gba ọmọ náà sílẹ̀. Ó wo àwòrán náà títí, ó wá na ìka sí ibì kan. Onísúyà tí ó máa ń wà níwájú géètì wà níbẹ̀ pẹ̀lú iná rẹ̀, àwọn oníbàárà sì yí i ká. Bàbá bi wá pé ta ni ń sun súyà ní aago mẹ́ta òru? Gbogbo wa dákẹ́. Nígbà tí a yẹ ẹ̀rọ náà wò, a rí i pé aago Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ṣe é, ni ó ń lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Aago Ṣáínà sì fi wákàtí méje ṣáájú tiwa. Aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni ọmọ ọlọ́mọ jáde, nígbà tí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà ṣì ń lò ó!

A wá wá àwòrán òru gan-an. Funfun báláú ni gbogbo rẹ̀. NEPA ti mú iná lọ, gílóòbù ẹnu géètì ti kú, bátìrì ni kámẹ́rà ń lò, ó sì ń fi iná tirẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí ríran. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ àti òwú aláǹtakùn ti bo ojú rẹ̀, àwọn ni iná náà tàn lé lórí. Bí olè ṣe lọ nìyẹn. Títí di òní, a kò mọ̀ ọ́n.

Èrò tèmi ni pé kámẹ́rà tí a kò tọ́jú burú ju àìní kámẹ́rà lọ. Ẹni tí kò ní rárá yóò la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀lé èyí tí kò ríran yóò sùn fọnfọn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kámẹ́rà nìkan pe ènìyàn lólè, tí a kò bi í pé aago mélòó ni tirẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan náà ni a gbọ́ tí a fi dá a. Orúkọ olè kì í sì í tètè wẹ̀ kúrò lára ọmọ tí ó wá kàwé ní ìlú onílùú.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn, kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́? Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwa ti dé Sókótó, ẹ jẹ́ kí á yẹ àpò ṣòkòtò wò. Ọ̀pọ̀ àìsàn kámẹ́rà ni kò nílò ju ojú, ọwọ́ àti àkísà lọ.

Bí àwòrán kò bá yọ rárá, ẹ má tíì bú kámẹ́rà. Ẹ kọ́kọ́ wo iná àti ádápítọ̀, kí ẹ tó wo ẹnu wáyà bóyá ó ti tú tàbí ó ti dípẹtà. Lẹ́yìn náà, ẹ so kámẹ́rà mìíràn tí ó ń ṣiṣẹ́ mọ́ wáyà kan náà. Bí èyí náà kò bá ríran, wáyà tàbí ojú ihò ni ó ń ṣàìsàn. Bí ó bá ríran, ẹ ti mọ ẹni tí ó jẹ̀bi.

Bí kámẹ́rà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí ó ń kú lálẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Iná òru tí ó wà lára rẹ̀ a máa jẹ iná mànàmáná sí i. Bí wáyà bá gùn tí ó sì tín-ín-rín, fóltì 12 tí ó kúrò lára ádápítọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà pé. Wáyà tí ó nípọn tàbí ádápítọ̀ tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni oògùn rẹ̀.

Ti àwòrán tí ó pòórá ńkọ́? Kámẹ́rà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo mẹ́gábíìtì méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò kún hard disk 1TB láàárín nǹkan bí ọjọ́ 11, ẹ̀rọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹni tí ó bá dúró di ọ̀sẹ̀ kẹta kí ó tó wá ẹ̀rí, òfo ni yóò bá. Ooru Sókótó tí ó ń kọjá 40 nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kò sì dára fún hard disk tí a tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní afẹ́fẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé password. Ní ọdún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí à ń pè ní Mirai wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbàwòrán kárí ayé, nítorí pé àwọn oníǹkan kò yí password tí ó bá wọn ti ilé-iṣẹ́ wá padà.

Kì í ṣe ti àwa nìkan. Ní ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 470 dọ́là lórí ètò ìbánisọ̀rọ̀ fún ààbò ìlú. Kámẹ́rà tí wọ́n gbé sórí òpó ní Àbújá àti Èkó wà lára rẹ̀, gbèsè tí a yá lọ́wọ́ Ṣáínà ni ó sì pọ̀ jù nínú owó náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí di ọnà lásán lójú títì, àwọn aṣòfin sì ń bèèrè ibi tí owó wọlé sí. Rírà kì í ni wá lára bí ìtọ́jú.

Àbá mi kò ṣòro. Kí ilé kọ̀ọ̀kan yan ẹni kan tí yóò máa nu ojú kámẹ́rà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí yóò fi aago ẹ̀rọ wé aago fóònù, tí yóò ṣí àwòrán alẹ́ àná wò, tí yóò sì kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé. Kí á má sì lé mégáàdì lọ nítorí pé a ra kámẹ́rà. Ẹ̀rọ rí onísúyà, bàbá ni ó mọ ohun tí iná súyà ń wí.

Ọmọ náà ṣì ń gbé láàárín wa. A bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbà. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé tí ó bá fẹ́ jáde lálẹ́, a máa ṣí báàgì rẹ̀ han mégáàdì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ojú ń tì mí nígbàkigbà tí mo bá rí i.