Iṣẹ́ Ọnà Kò Mọ sí Orí Fóònù

Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ọdún 2020, àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù kí àwọn ọmọ lè wò ó yà. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti parí ni fóònù ń fi hàn, kì í fi agbára ọwọ́ hàn. Ẹ̀gbẹ́ Bámidélé Àrówóògùn, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti túbọ̀ kọ́ ère gbígbẹ́.

Ẹ̀yin òbí, èédú àti amọ̀ kò gba dátà. Bí wọ́n bá tún ti ilé-ẹ̀kọ́ pa (kí Olúwa má jẹ́!), ẹ gbé ìkòkò yín síwájú ọmọ, kí ó fi amọ̀ mọ irú rẹ̀. Kí olùkọ́ wá pè é, kí ó bi í bí ó ti ṣe é, kí ó tó fún un ní máàkì.