Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà: Èwo Ni Kí Ọmọ Wa Ṣe?

Ìròyìn tí ń tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni pé àwọn òbí kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọ wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ kí ó tó gba fìrídọ́ọ̀mù. Wọn a ta ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí irinṣẹ́ tí bàbá ti ń kó jọ láti ìgbà èwe rẹ̀, wọn a sì fi owó rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà, nítorí wọ́n gbọ́ pé ọmọ aládùúgbò kan jókòó sínú yàrá, ó ń gba iṣẹ́ ṣe fún òyìnbó, ó sì ń gba dọ́là. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a lè dákẹ́ lé lórí, nítorí ọjọ́ ọ̀la ọmọ ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́.

Àwa kò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ń wá owó. Ẹni tí ó bá ń ná ọjà lásìkò yìí yóò mọ ìdí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba; kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Owó ẹni tí ń gba dọ́là di ìlọ́po mẹ́ta láìfi ohunkóhun kún iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti wẹ́dà, òdìkejì ni. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, epo tí ó ń dà sínú ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ ti di ọ̀wọ́n gógó. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò tí ọwọ́ wọn kò tó ẹnu ṣì ni oníbàárà rẹ̀. Bí ó bá fi kún owó iṣẹ́, wọn a gba ibòmíràn lọ.

Síbẹ̀, apá kan ọ̀rọ̀ ni èyí. Ilé iṣẹ́ Andela, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2014, fi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa mọ àwọn oníbàárà òkè òkun. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ó dá àwọn tí iye wọn ju 200 lọ dúró ní Nàìjíríà àti Uganda, nítorí pé àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń béèrè, kì í ṣe àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹ̀rọ náà ti ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí a máa ń gbé fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ ní sàkáání Côte d'Ivoire, iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní orílẹ̀-èdè wa àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdààmú yìí kò kan púlọ́ńbà. Kò sí ẹni tí yóò jókòó sí London kí ó tún páìpù tí ó bẹ́ ní Bódìjà ṣe.

Nítorí náà, àwa gbà pé ìbéèrè tí àwọn òbí ń béèrè kò tọ̀nà. Kì í ṣe èwo ló ga ju èkejì lọ, bí kò ṣe ohun tí ó mú ẹni tí ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe dúró ṣinṣin. Mẹ́ta ni àwa rí: ẹ̀kọ́ tí a kọ́ parí, àdéhùn tí ó ṣe kedere, àti ẹgbẹ́ tí yóò gba ni sílẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro.

Oníṣẹ́ ọwọ́ wa ní méjì nínú rẹ̀. Ó ní ọ̀gá tí ó sìn fún ọdún púpọ̀, ó sì ní ẹgbẹ́ tí ń dá owó iṣẹ́, tí ń parí ìjà. Ohun tí kò ní ni ìwé àdéhùn. Oníbàárà a ní, "Bá mi ṣe é ná, a ó jọ rí i." Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, olúkúlùkù a máa sọ iye tí ó wù ú, ìjà a sì dé. Agbaṣẹ́ṣe kọ̀ǹpútà, ní tirẹ̀, mọ ìwà àdéhùn: a kọ ohun tí òun yóò ṣe sílẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, iye rẹ̀ àti owó àsansílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọ̀gá, wọn kò sì ní ẹgbẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni òmíràn fi wọ ọjà; bí oníbàárà bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, ta ni yóò bá a sọ ọ́? Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ ìwé àdéhùn kúkúrú jáde ní èdè Yorùbá, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má sì gba iṣẹ́ ńlá láìsí i. Kí wọ́n máa fi ọmọ iṣẹ́ jókòó fún ìdánwò NABTEB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 fún irú èyí. Kí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí àgbà inú wọn máa gba ọmọ iṣẹ́ bí kàfíńtà ti ń gbà á. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò 3MTT kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù 3 ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa, nítorí pé ọmọ ìlú kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní ẹ̀bùn kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí ó kọ́ ọ, kí ó sì kọ́ ọ dójú àmì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe já ìkejì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní agbedeméjì, ẹ má sì ta irinṣẹ́ tí ó bọ́ yín. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.