KÌ Í ṢE KÙMỌ̀ NI Ó MÚ ÀLÀÁFÍÀ BÁ ÌLÚ NEW YORK



Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn kan máa ń sọ nígbàkígbà tí a bá ń jíròrò lórí olè àti ìpànìyàn ní àwọn ìlú ńlá wa. Wọn a ní, "Ẹ wo New York! Ìlú apànìyàn ni tẹ́lẹ̀ rí. Ọjọ́ tí ìjọba ní kí ọlọ́pàá má wojú ẹnikẹ́ni mọ́ ni olè sá níbẹ̀. Kí ni àwa ń dúró dè?" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́. Àwa kò sì ní jẹ́ kí ó kọjá láìdáhùn, nítorí pé ẹ̀yìn ọmọ tálákà ni irú kùmọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń balẹ̀ sí.

A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé àlàáfíà dé. Ní ọdún 1990, àwọn tí a pa ní New York ju 2,200 lọ. Ẹ pín in sí ọjọ́, ẹ ó rí i pé ènìyàn mẹ́fà ni à ń pa lójúmọ́. Ní ọdún 2017, iye náà kò tó 300, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú sì ti fi ohun tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi Brooklyn àti Bronx ṣe ilé jẹ nínú àlàáfíà yìí. Ìbéèrè wa ni pé, ta ni ó mú un wá?

Àwọn tí a ń dá lóhùn ní Rudolph Giuliani ni, ẹni tí ó di olórí ìlú náà ní oṣù kìíní ọdún 1994, òun àti William Bratton tí ó fi ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n tẹ̀ lé ni èyí tí ọ̀mọ̀wé méjì, James Q. Wilson àti George Kelling, kọ jáde ní 1982: pé bí fèrèsé ilé kan bá fọ́ tí a kò tún un ṣe, àwọn ènìyànkénìyàn yóò rò pé ilé náà kò ní olówó, wọn yóò sì fọ́ èyí tí ó kù. Kò sí àgbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe àjèjì sí. Oko tí a kò ro ni ẹran ń jẹ̀ wọ̀. Ṣùgbọ́n títún fèrèsé ṣe jẹ́ nǹkan kan; kí á máa kó àwọn tí ó dúró lábẹ́ fèrèsé lọ sí àtìmọ́lé jẹ́ nǹkan mìíràn.

Ìdáhùn wa kìíní wà nínú kàlẹ́ńdà. Ìpànìyàn ti ń dín kù kí Giuliani tó gorí àga. Ní 1993, iye náà ti wá sí ìsàlẹ̀ 2,000. David Dinkins, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ olórí ìlú New York, ni ó wà lórí oyè nígbà náà. Òun ni ó gba àṣẹ ní 1991 láti fi owó orí gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́pàá kún èyí tí ó wà. Ẹni tí ó gbin iṣu kọ́, ẹni tí ó bá a ní ìgbà ìkórè ni ó ń gba ìyìn. Àkùkọ kọ, ó ní òun ni ó mú ilẹ̀ mọ́!

Ìdáhùn wa kejì ni pé ìlú New York nìkan kọ́ ni ìwà ọ̀daràn ti rọlẹ̀. Ní Los Angeles, ènìyàn tí a pa ní 1992 ju 1,000 lọ. Ní 2010, wọn kò tó 300. Ní San Diego, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti gbájú mọ́ fífikùn lukùn pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, ó rọlẹ̀ pẹ̀lú. Ní orílẹ̀-èdè Kánádà, tí kì í tilẹ̀ ṣe ara Amẹ́ríkà, ìpànìyàn dín kù láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà. Ṣé kùmọ̀ New York ni ó gùn dé Kánádà?

Ìdáhùn wa kẹta ni ó wúwo jù. Ọlọ́pàá New York sọ ọ́ di àṣà láti máa dá ènìyàn dúró lójú pópó, kí wọ́n sì máa tú ara rẹ̀ wò. Ní ọdún 2011 nìkan, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tí ó ju 685,000 lọ. Aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Látìn Amẹ́ríkà wá ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n dá dúró, nǹkan bí 88 ni wọ́n tún fi sílẹ̀, nítorí pé wọn kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí wọn lọ́rùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, Adájọ́ Shira Scheindlin dájọ́ pé bí wọ́n ti ń ṣe é lòdì sí òfin ilẹ̀ wọn. Àwọn olùfẹ́ kùmọ̀ pariwo pé ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ní 2015, àwọn tí a dá dúró kò tó 25,000 mọ́. Ìpànìyàn tí ó ju 500 lọ ní 2011 sì wá sí ìsàlẹ̀ 300 ní 2017. Àwọn tí ó wà ní àtìmọ́lé ìlú náà, tí wọ́n ju 20,000 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1999, kò tó 8,000 ní òpin 2019. Wọ́n sọ kùmọ̀ kalẹ̀, àlàáfíà kò sì bá a lọ.

Kí, nígbà náà, ni ó lé olè? Igi kan kì í dá igbó ṣe. A gbà pé ọlọ́pàá púpọ̀ sí i wà níbẹ̀. A tún gbà pé Bratton ṣe ohun rere kan ní 1994: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo ìwà ọ̀daràn sórí àwòrán ilẹ̀ ìlú, wọ́n sì ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti wá jíyìn. Ọgbọ́n ni èyí, kì í ṣe kùmọ̀. Òwò kokéènì tí a ń mu bí sìgá, èyí tí ó ti sọ àwọn ọ̀dọ́ di oníbọn, rọlẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan tún tọ́ka sí òjé tí a yọ kúrò nínú epo ọkọ̀, nítorí pé òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju ìwọ̀nyí lọ. Èkíní ni iná. Ní 2016, ìjọba ìlú náà gbé iná ńláńlá sí àyíká àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù. Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀, ìwà ọ̀daràn ńláńlá tí ó ń ṣẹlẹ̀ níta lálẹ́ ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Iná kò gbá ẹnikẹ́ni létí. Èkejì ni ẹgbẹ́ àdúgbò: àwọn ìyá, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gba ilẹ̀ àkìtàn, tí wọ́n sọ ọ́ di pápá ìṣeré, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́, tí wọ́n sì ń parí ìjà kí ó tó di ti ìbọn. Ọ̀mọ̀wé Patrick Sharkey wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Amẹ́ríkà. Ó rí i pé níbi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá bá ti kún èyí tí ó wà fún 100,000 ènìyàn, ìpànìyàn a máa fi nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Wọn yóò ní, "Ní 2020 ńkọ́?" Òtítọ́ ni pé ìpànìyàn gòkè ní New York ní ọdún náà, ó ju 450 lọ. Ṣùgbọ́n ọdún 2013 ni a ti sọ kùmọ̀ kalẹ̀. Ọdún 2020 ni àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́ pa, ìpànìyàn sì gòkè káàkiri Amẹ́ríkà lọ́dún náà, títí dé àwọn ìlú tí kò sọ kùmọ̀ kalẹ̀ rárá. Ní 2024, ti New York ti padà wá sí ìsàlẹ̀ 400.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí kùmọ̀ náà ná wọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1999, àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ yìnbọn lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógójì sí Amadou Diallo lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Bronx. Ọmọ Guinea ni, ọmọ ọdún 23, tí ń tajà lójú pópó. Kò mú ohun ìjà kankan lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ní ọdún 2000. Ní 2002, a tú ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ti wá ká, olè kò sì tìtorí rẹ̀ gba ìlú.

Ǹjẹ́ ìtàn yìí kò jọ ohun tí ojú wa ti rí? Àwa náà ní SARS láti ọdún 1992, ẹ̀ka tí a dá sílẹ̀ láti kojú àwọn adigunjalè. Nígbà tí ó yá, ọmọ tí ó gbé fóònù dání tàbí tí ó ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ń mú bí olè, títí àwọn ọ̀dọ́ fi tú síta, tí ìjọba sì tú SARS ká ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni a fi lo kùmọ̀. Ẹni tí ó bá ní adigunjalè ti tán nílẹ̀ wa, kí ó bọ́ síwájú.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dé ọjà yín tàbí ìpàdé yín tí ó ń fi New York polówó kùmọ̀, ẹ bi í léèrè: iná ojú pópó dà? Ilé ẹ̀kọ́ dà? Iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ dà? Ìwé tí ọlọ́pàá ń kọ iye ìwà ọ̀daràn sí, kí ará ìlú lè kà á kí ó sì béèrè ìjíyìn, òun náà dà? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ẹni tí ń tọrọ ìbò yín kò bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin yìí, tí kùmọ̀ nìkan ni ó gbé wá, ẹ jẹ́ kí ó gbé e padà lọ sílé.