Ẹ Má Ṣe Tún Kòkò Oníbátìrì Ṣe Fún Ọmọdé

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù àti rédíò ṣe, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Gbogbo wa la mọ kòkò tí àwọn bàbá wa fi ń mu tábà. Wọ́n ti ṣe òmíràn báyìí tó jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n bátìrì ni ó ń lò. Kò sí ewé nínú rẹ̀, kò sì fẹ́ ìṣáná. Bátìrì á mú wáyà tín-ínrín kan gbóná. Òwú tó wà lára wáyà náà ti mu omi olóòórùn dídùn yó. Omi yẹn á di ooru, ẹni tó ń lò ó á sì fà á sínú. Nikotíìnì wà nínú ọ̀pọ̀ irú omi bẹ́ẹ̀, ohun kan náà tó ń sọ amusìgá di ẹrú sìgá. Hon Lik, apoògùn ará Ṣáínà tí òun fúnra rẹ̀ ń mu sìgá, ló ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní 2003.

Àwọn tó ń tà á á ní, "Kì í ṣe sìgá, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan." Ààbọ̀ òótọ́ nìyẹn. Lóòótọ́, nítorí pé ewé kankan kò jóná nínú rẹ̀, májèlé inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti èéfín sìgá. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kéde ní 2023 pé àwọn yóò fún mílíọ̀nù kan amusìgá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè fi sìgá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ló fòfin de títa irú èyí tí a ń lò tán tí a ń sọ nù, láti oṣù kẹfà 2025, nítorí pé ó ti kún ọwọ́ àwọn ọmọdé. Mo wá bi yín: ọmọ ọdún 15 tí kò fẹnu kan sìgá rí, kí ló fẹ́ fi sílẹ̀?

Ní ilẹ̀ wa níbí, òfin tábà ti ọdún 2015 sọ pé a kò gbọdọ̀ ta tábà fún ẹni tí kò tó ọdún 18. Bí òfin bá gba ọmọ lọ́wọ́ tábà, ṣé àwa ló yẹ kí á wá fi nikotíìnì lé e lọ́wọ́ láti ẹ̀yìnkùlé?

Ẹ̀yin atúnfóònùṣe, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ dé wàyí. Bí ọmọ bá gbé nǹkan yìí bọ̀ láti Abùjá tàbí Èkó, tó sì bàjẹ́ sí i lọ́wọ́, kò ní padà síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yín ni yóò gbé e wá. Ẹ lè ní, "Èmi kọ́ ni mo tà á fún un." Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀!

Ẹ tún wo ewu tó wà nínú àtúnṣe náà. Èkíní, bátìrì. Bátìrì fóònù àlòkù kì í ṣe èyí tí a ṣe láti tú agbára púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ara bátìrì bá ti ya, tí irin sì kan irin, ó lè gbiná tàbí kí ó bú gbàmù. Irú ẹ̀rọ yìí bú mọ́ ènìyàn lẹ́nu ní Florida ní 2018, àti ní Texas ní 2019. Àwọn méjèèjì kú.

Èkejì, òwú. Bí òwú bá gbẹ tí wáyà sì ń gbóná lọ, omi tó kù yóò mú formaldehyde jáde, ohun tí wọ́n fi ń ṣe oògùn tí a ń fún òkú kí ó má baà jẹrà.

Ẹ̀kẹta, omi tí a ń bù kún un. Láti 2019 títí di oṣù kejì 2020, ó lé ní 2,800 ènìyàn tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, 68 sì kú. Èròjà igbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fà, tí wọ́n ti po òróró fítámì E mọ́. Ní oṣù kejìlá 2014, ọmọ kékeré kan gbé omi nikotíìnì mì ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì kú. Òórùn èso ni omi yìí máa ń ní. Ọmọ wo ni kò ní tọ́ ọ wò?

Nítorí náà, bí ọmọdé bá gbé e wá, ẹ má tú u, ẹ pe òbí rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá ń lò ó láti bọ́ lọ́wọ́ sìgá, kí ó lo bátìrì àti ṣájà tirẹ̀ gan-an, kí ó sì gbé ìgò omi rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọ kò ti lè tó o. Ẹ̀yin òbí, ẹ má sáré mú pàṣán. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó tà á fún un. Ẹ̀yin olórí ọ̀dọ́ àti olórí ọjà, ẹ jẹ́ kí á fẹnu kò pé ṣọ́ọ̀bù kankan ní Odo-Ape kò ní tà á fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní tún un ṣe.

Owó iṣẹ́ tí ẹ óò gbà lórí rẹ̀ kò tó ra ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ẹnìkankan padà.