Enugu sí Èkó: Wákàtí Kan Lójú Òfuurufú, Wákàtí Mélòó Délé?

Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba Ìpínlẹ̀ Enugu dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tirẹ̀, Enugu Air, sílẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ọba tàbí òwò gbé dé GRA àti àwọn àdúgbò mìíràn ní ìlú Enugu. Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ọkọ̀ yára, ọ̀tọ̀ ni kí èrò tètè délé.

Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Akanu Ibiam ní Emene dé ti Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, nǹkan bí 470 kìlómítà ni bí ẹyẹ ti ń fò. Ọkọ̀ tí ń sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan ìbá fi ìṣẹ́jú 35 dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n gígòkè, sísọ̀kalẹ̀ àti rírìn lórí ilẹ̀ a máa sọ ọ́ di nǹkan bí wákàtí kan.

Ẹni tí ilé rẹ̀ wà l'Ékòó ni ó jèrè jù, nítorí ìrìn ọjọ́ kan gbáko, tí ó gba Onitsha, Asaba àti Bìní kọjá, ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ọmọ Ìwó yàtọ̀: ọkọ̀ á gbé e kọjá ilé, yóò sì tún wọ mọ́tò padà gba Ìbàdàn. Bí a bá ka ìdúró ní Emene mọ́ ọn, kò lè dín ní wákàtí mẹ́fà. Ní ti ọmọ Ọ̀wọ̀, ọ̀nà mọ́tò láti Èkó dé ìlú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó èyí tí ó ti Enugu wá. Bí kò bá ṣe ẹ̀rù àwọn ajínigbé, kí ni ìbá tún máa wá lójú òfuurufú?

Ìṣirò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kéde ikú baba rẹ̀ fún ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lè bá wọn débi sàréè bí ọkọ̀ àárọ̀ bá gbéra lásìkò. Bí ó bá fi wákàtí mẹ́ta pẹ́, erùpẹ̀ ni yóò bá.

Láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n ti pápá Enugu pa láti tún ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sáré lé ṣe. Ní àkókò náà, èrò Enugu ní láti kọ́kọ́ fi mọ́tò rin ohun tí ó lé ní 100 kìlómítà lọ sí Asaba tàbí Owerri kí ó tó wọkọ̀. Òfuurufú kò gùn sí i. Ilẹ̀ ni ó gùn.

Nítorí náà, kì í ṣe iye ọkọ̀ nìkan ni ó yẹ kí àwọn aláṣẹ fi ṣògo. Ọkọ̀ tí ń gbéra lásìkò, pápá tí a ń tọ́jú kí ó tó bàjẹ́, àti ọ̀nà mọ́tò tí ó ní ààbò ni yóò mú kí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ohun tí ó yẹ, ní ọjọ́ tí ó yẹ.