A Kì í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Ọmọdé Inú Páálí

Ẹni tí a bí sí ilẹ̀ Yorùbá, tí ó sì gbọ́ èdè náà lẹ́nu ìyá rẹ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni máa là á yé e pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ọmọ tí kò tíì dá ọwọ́ òsì mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀tún pàápàá mọ̀ pé àrùn tí ń jẹ ìka ni a ń kọ́kọ́ wá egbòogi fún, kí a tó bojú wo èyí tí ń yún ni lórí. N kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ó gbé òwe náà sí mi lẹ́nu ni mo fẹ́ sọ, nítorí láti ọjọ́ Sátidé tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni ó ti ń dùn mí dé egungun.

Àkànní, ọmọ ọmọ mi, pé ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ náà, mo sì mú un jáde kí ó lọ gba afẹ́fẹ́ ní ìgboro Ìbàdàn, ó wá ní ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan báyìí, tí n kò ní dárúkọ, ni òun fẹ́ kí a yà sí. Nígbà tí a wọlé, mo rí àwòrán gàgàrà kan lára ògiri, ọmọdé kan ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ewé tútù yọ̀yọ̀ yí i ká bí ẹni pé àárín oko ẹ̀fọ́ ni ó jókòó sí, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé oúnjẹ tí ń ṣe ara ọmọ lóore ni ó wà nínú páálí àwọn ọmọdé. Mo bi ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń tajà pé kí ni wọ́n kó sínú páálí ọ̀hún. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ti àwọn ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà o. A ti dín pòtétò rẹ̀ kù, èso wà níbẹ̀, júùsì la sì fi rọ́pò mínírà." Ọmọlúàbí ni ọmọ náà, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó sọ, n kò sì bá a jà. Mo sanwó. Nígbà tí a ṣí páálí náà, ohun tí a bá níbẹ̀ ni èérún ẹran adìẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò tí wọ́n sì dín títí ó fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìkúnwọ́ pòtétò dídín, àwẹ́ ápù mẹ́rin nínú ọ̀rá, júùsì inú páálí kékeré, àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pupa kan tí wọ́n fi ike ṣe. Ọkọ̀ ni Àkànní kọ́kọ́ gbé. Júùsì ni ó tẹ̀ lé e. Ápù náà bá wa padà délé nínú ọ̀rá rẹ̀, bí wọ́n ti dì í.

Ìdájọ́ tèmi kò fara sin, n kò sì ní fi í pamọ́ di òpin ọ̀rọ̀: oúnjẹ náà kì í ṣe ara ọmọ lóore. Wọ́n bu bín-ín-tín kúrò nínú ìpalára rẹ̀ ni, wọ́n wá ń fi bín-ín-tín náà lu agogo káàkiri ìgboro. Nígbà tí ènìyàn bá sì sọ fún mi pé nǹkan kan sàn jù, mo ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé, ó sàn ju kí ni? Aláìsàn tí ara rẹ̀ ń gbóná bí iná lánàá, tí ó wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ lónìí, ó sàn ju ti àná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò tìtorí èyí gbé ọkọ́ lé e léjìká pé kí ó máa lọ sí oko? Páálí ti ọdún yìí ni wọ́n ń fi wé páálí ti ọdún tí ó kọjá. Wọn kò fi í wé mọ́ínmọ́ín elẹ́ja tí ó wà nínú ìkòkò nílé, nítorí wọ́n mọ ibi tí ìfiwéra náà yóò já sí.

Amẹ́ríkà ni àṣà páálí olóhun-ìṣeré yìí ti gbilẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí a lọ wo bí ìtàn rẹ̀ ti rí. Ní ọdún 1979 ni ilé iṣẹ́ McDonald's gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Happy Meal káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ariwo àwọn oníṣègùn àti àwọn òbí pọ̀ sí i pé àwọn ọmọ ń sanra ju bí ó ti yẹ lọ, ilé iṣẹ́ náà kéde ní ọdún 2011 pé àwọn yóò máa fi àwẹ́ ápù sínú gbogbo páálí, àti pé pòtétò dídín inú rẹ̀ yóò dín kù láti nǹkan bíi gíráàmù 68 sí nǹkan bíi 31. Ní ọdún 2018 wọ́n tún ṣèlérí pé kí ọdún 2022 tó parí, ó kéré tán, ìdajì àwọn páálí tí wọ́n bá kọ sójú pátákó ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò ní ju kálórì 600 lọ, àti pé ìwọ̀n yóò wà fún ṣúgà àti iyọ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ búrẹ́dì ẹlẹ́ran tí a fi wàràkàṣì sí kúrò lára èyí tí a kọ sójú pátákó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè fún un yóò rí i gbà. N kò sọ pé èyí kò ṣe nǹkan kan. Gíráàmù pòtétò tí kò wọ ikùn ọmọ, kò wọ ikùn ọmọ. Ibi tí wọ́n bá ti ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kí a gbà á fún wọn. Làpálàpá ni a pa, ó sì kú díẹ̀.

Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a yà sí San Francisco, níbi tí àwọn aṣòfin ìlú ti dìbò ní oṣù kọkànlá ọdún 2010 pé kò gbọdọ̀ sí ilé oúnjẹ tí yóò máa fi ohun ìṣeré ta ọmọ lọ́rẹ lórí oúnjẹ, àfi bí oúnjẹ náà kò bá ju kálórì 600 lọ, tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí èso àti ẹ̀fọ́ rẹ̀ sì tó bí wọ́n ti là á sílẹ̀. Nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ṣé ilé iṣẹ́ McDonald's tún oúnjẹ náà ṣe títí yóò fi dé ìwọ̀n òfin ni? Rárá o. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba sẹ́ǹtì 10 lórí ohun ìṣeré, wọ́n ní owó náà yóò lọ sínú iṣẹ́ àánú, ohun ìṣeré kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́ lójú òfin. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀mí òwò náà wà, kí ó wo ohun tí wọ́n dáàbò bò nígbà tí iná jó dé ẹsẹ̀ wọn: pòtétò ni wọ́n lè gé kù, ápù ni wọ́n lè fi kún un, ṣùgbọ́n okùn tí wọ́n fi so ọkàn ọmọ mọ́ páálí náà, wọn kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn án. Orílẹ̀-èdè Chile mọ èyí. Òfin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọdún 2016 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun ìṣeré ta oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá rẹ̀ bá pọ̀ ju ìwọ̀n lọ fún ọmọdé.

Júùsì tí ọ̀dọ́mọbìnrin nì fi ń yangàn kò sàn rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé ṣúgà tí a fi sí oúnjẹ, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú oyin àti nínú omi èso tí a fún, kò yẹ kí ó ju ìdá mẹ́wàá agbára tí ènìyàn ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ, àti pé bí ó bá lè dín kù sí ìdajì èyí, ni ó sàn jù. Fún ọmọ tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ kálórì 1,500, ìdá mẹ́wàá yẹn kò ju gíráàmù 37 àti ààbọ̀ lọ, ìdajì rẹ̀ kò sì pé 20. Omi ọsàn lásán, mílílítà 200, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bu ṣúgà sí, ṣúgà inú rẹ̀ á tó ṣíbí tíì mẹ́rin, èyí tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 17. A lé mínírà jáde lẹ́nu ọ̀nà, a ṣí fèrèsé fún àbúrò rẹ̀. Òwe àwọn baba wa ni pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́; láyé tiwa, ohun tí kì í ṣe oògùn rárá ni àgbà ń pè ní oògùn fún ọmọdé.

Àwọn kan yóò ní kí n fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀, pé ohun tí ó wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú. Ẹni tí ó pa òwe yẹn kò tíì rí ilé iṣẹ́ tí ń san owó oṣù fún àgbàlagbà láti jókòó máa ronú ohun tí yóò wu ọmọ. N kò ní dá wọn lóhùn ju báyìí lọ.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé ṣebí inú epo gbígbóná ni àkàrà tiwa náà ti ń jáde, dùndú ńkọ́, ọ̀jọ̀jọ̀ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni èyí. Epo ni epo ń jẹ́, ẹni tí ó bá ń fi àkàrà yó ọmọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kò tọ́ ọmọ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni àkàrà, ẹ̀wà tí a rẹ, tí a bó, tí a lọ̀ mọ́ ata àti àlùbọ́sà lójú ọmọ, tí ọmọ sì mọ ibi tí ó ti wá àti ẹni tí ó dín in. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí ìyá alákàrà tí ó kọ ọ́ sára igbá rẹ̀ pé ara líle ni òun ń tà, n kò sì rí èyí tí ó so bèbí mọ́ ọn kí ọmọ lè máa sunkún lé e lórí.

Bí mo ti ń rò ó báyìí ni òwe mìíràn dé, tí ó sì yí ojú ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀dọ̀ tèmi: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àkànní kò tíì lè ka ìwé gàdàgbà ara ògiri yẹn. Ta wá ni wọ́n kọ ọ́ fún? Ọkọ̀ pupa ni wọ́n fi bá ọmọ sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n fi ewé tútù àti àwẹ́ ápù bá sọ̀rọ̀, èmi arúgbó tí ọkàn rẹ̀ ń dá lẹ́bi, tí ó ń wá ẹni tí yóò sọ fún un pé kò burú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ ọ́ fún ìyá ọmọ náà, tí ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ń wọlé nígbà tí ọmọ ti ń sùn, tí ó sì ń rà á lọ́jọ́ Sátidé láti fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ tí kò sí nílé. N kò bá a wí. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, owó ilé ẹ̀kọ́ kò sì mọ àárẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ni a la ẹnu ògiri. Ìlú tí a wà yìí, Ìbàdàn Mẹ́sìọ̀gọ̀, ọmọ ajòro-sùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, oúnjẹ ìgbà ìpọ́njú ni àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó sọ di oríkì, tí àwọn ọmọ wọn fi ń wú bí a bá kì wọ́n. Ìgbín inú igbó kò sì ní ohun ìṣeré kankan nínú ìkarahun rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ọkọ̀ pupa náà já. Àkànní gbé e wá bá mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a padà lọ gba òmíràn," kò sì dárúkọ oúnjẹ rárá. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ìkòríta wa, lọ́dọ̀ ìyá alákàrà tí ó ti ń dín àkàrà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀, mo ra mẹ́ta àti ẹ̀kọ tútù méjì, a sì jókòó lórí àga rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó pọ́n ìka lá. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sí ìyá alákàrà náà, ó ń dúró. Mo bi í pé kí ni ó ń wá. Ó ní, "Ọkọ̀ tèmi dà?" Ìyá alákàrà wo ojú mi, èmi náà wo tirẹ̀.