Ayọ̀ Tí Kì Í Jẹ́ Kéèyàn Sùn

 

Àwọn àgbà ní ayọ̀ àyọ̀jù ní í mú àkèré ṣẹ́ nítan. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ lójú mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi.

Ọmọ ilé wa kan, obìnrin tó ń ta aṣọ, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ó ń kọrin mọ́jú. Kó tó parí ọ̀rọ̀ kan, á ti bọ́ sí òmíràn. Ó ní Ọ̀ṣun ti fi òun jẹ Ìyálóde gbogbo ayé. Bí mo ṣe gbọ́ orúkọ Ọ̀ṣun báyìí, inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, òrìṣà ló ń gùn ún." Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi sùn dáadáa. Ká tó mọ̀, ó ti pín gbogbo aṣọ ọjà rẹ̀ fáwọn èèyàn, ó sì ti jẹ gbèsè lé e. Kò pẹ́ tí ayọ̀ yẹn fi di ìbànújẹ́. Kò lè dìde wẹ̀ mọ́, ó ní ikú yá ju ẹ̀sín.

Ọkọ rẹ̀ ló gbé e lọ sí ọsibítù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti là mí lóye pé àìsàn ni, mania lorúkọ rẹ̀. Inú ẹni tó ń ṣe á máa dùn kọjá ààlà, tàbí kó máa kanra, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í fẹ́ sùn, síbẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́. Á máa ná ìnákúnàá, á máa gbéra ga. Ìbànújẹ́ ńlá sì sábà máa ń tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀. Òrìṣà tó bá gun elégùn ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní ìlù, àwọn àgbà sì wà nídìí rẹ̀. Tó bá ti lọ, elégùn á mumi, á sinmi, á sùn. Kì í fọ́ ilé ẹni.

Tẹ́ ẹ bá rí irú àìsàn yìí, ẹ má na ẹni náà, ẹ má dè é mọ́lẹ̀. Ẹ bá a tọ́jú owó rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́, kẹ́ ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ má fún un ní àgbo mọ́ oògùn òyìnbó láìsọ fún dókítà. Asofẹ́yẹjẹ tí àwa oníṣègùn ń lò máa ń mú ara balẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó lè já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí ò tako ìṣẹ̀ṣe. Ní 1954 ni Dókítà Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Nígbà yẹn, àwọn abúlé tó wà nítòsí ọsibítù ni àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn.

Obìnrin yẹn ti padà sọ́jà. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ń bọ Orí rẹ̀. Èmi náà kọ́gbọ́n. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ayọ̀ ńlá wá bá mi lónìí, kí n tó fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀, màá kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé o sùn lánàá?"

Kórí wa má gbàbọ̀dè o. Àbọṣíṣẹ.